Àwọn Tó Gba Abẹ́rẹ́ Kan Ṣoṣo

Àjíṣafẹ́ fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ kan, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Aago méjìlá ti lù. Àwọn yòókù ní búrò ètò ìlera ti lọ sílé lọ jẹun, wọ́n á sì sùn di aago mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ṣe fi kọ́ wọn kí wọ́n tó gbé ìjọba sílẹ̀. Àjíṣafẹ́ kì í sùn lọ́sàn-án. Wákàtí mẹ́ta yẹn ló fi gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun náà ló fi gba oyè àkọ́kọ́. Kò sí olùkọ́ kan tó tíì rí i lójú nínú gbogbo rẹ̀. Inú àpòòwé ni ẹ̀kọ́ ti ń bá a wá, inú àpòòwé ni ìdáhùn ti ń padà lọ.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ló ga jù. Ọdún mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ti ń fi ìwé kọ́ ọ ní bí ìjọba ṣe ń ṣètò ìlera ará ìlú, bó ṣe ń wá owó rẹ̀, àti bó ṣe ń pín in. Ó ti ṣe gbogbo ìdánwò tán. Ìwé àṣekágbá nìkan ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ òfurufú ọjọ́ Ẹtì lọ. Aago márùn-ún ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tì. Bí ìwé náà kò bá tó aago márùn-ún dé ibẹ̀, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ọdún mẹ́rin á sì wọ igbó. Ọjọ́bọ̀ nìyí.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, ti ilé ìwòsàn kékeré kan tí àwọn ará ọjà Missèbo máa ń gbé ọmọ wọn lọ, láti 1960 tí Dàhòmì gba òmìnira títí di 1963. Àwọn ọmọdé ń ní egbò kan nígbà náà. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ń wò ó sàn, ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó bá gba ẹyọ kan tí kò padà wá, egbò rẹ̀ á tún yọ, abẹ́rẹ́ tó gbà sì ti ṣòfò. Àjíṣafẹ́ ti ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ó sì rí àwọn mìíràn, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gba ìkejì tàbí ìkẹta láì tíì gba àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sí orí kẹta ìwé rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí ń gba ìpín ẹlòmíràn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọmọ. Àwọn tó ka ènìyàn ní àdúgbò náà kò rí ju ẹgbẹ̀ta ọmọ lọ. Ibo ni ìyókù ti wá? Àjíṣafẹ́ kò ní iyè méjì. Àwọn obìnrin oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà ló ń purọ́ orúkọ, wọ́n sì ń fi oògùn ìjọba ṣòfò. Ó kórìíra ìfiṣòfò ju olè jíjà lọ. Olè ń jẹ ohun tó jí.

Ọ̀gá rẹ̀, Adélékan, ti mú iye wọ̀nyí lọ fún mínísítà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Adélékan, ó kàwé ní Paris fúnra rẹ̀, ó jókòó nínú yàrá ìkàwé níbi tí olùkọ́ ti ń rí i. Ìròyìn rẹ̀ ti so èso: láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ọmọ Missèbo tí kò bá ní ìwé ìbí Dàhòmì kò ní í rí abẹ́rẹ́ gbà. Wọ́n ní wọ́n á fi Adélékan ṣe igbákejì olùdarí nítorí rẹ̀.

Ìwé àṣekágbá ìbá ti tán láti ọjọ́ Ajé. Adélékan ti fi òǹtẹ̀ lu gbogbo táábù àtòjọ iye inú rẹ̀, bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe fẹ́, láti fi hàn pé inú ìwé búrò ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìlà mẹ́ta péré ni. “O sọ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣòfò. Ṣé o bi ọ̀kan nínú wọn? Mú ogún orúkọ, kí o lọ bi wọ́n, kí o kọ ohun tí wọ́n sọ.”

Àjíṣafẹ́ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bínú. Kí ni ènìyàn fẹ́ bi ẹni tó purọ́ orúkọ? Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó fa ìlà pupa ogún tán, ó da orúkọ wọn kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé àtijọ́ kan, ó da ti àwọn tó gba ìpín ẹlòmíràn kọ sí ẹ̀yìn òmíràn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ọ̀nà Missèbo lọ nínú oòrùn.

Orúkọ ilé tó kọ́kọ́ wà lórí ìwé rẹ̀ ni ilé Ràímì. Wọ́n júwe obìnrin kan fún un tó jókòó lórí ìdì aṣọ àkísà òyìnbó, tó ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ju èyí tó dára sápá ọ̀tún, èyí tó ti ya sápá òsì.

“Ẹ kú ọjà,” Àjíṣafẹ́ wí.

“Mi ò ní ṣòkòtò tó máa dúró nídìí yín,” obìnrin náà wí láì gbójú sókè. “Ẹ ti tín-ín-rín jù.”

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ìtòsí rẹ́rìn-ín.

“Aṣọ kọ́ ni mo wá rà. Búrò ètò ìlera ni mo ti wá. Ilé Ràímì ni mo ń wá.”

Nígbà yẹn ni obìnrin náà wò ó, láti orí fìlà dé orí bàtà. “Ẹ ti dé e. Èmi ni ìyálé ibẹ̀. Safurat. Ṣé ẹ wá lé wa lọ ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ kà wá kí ẹ tó lé wa lọ?”

“Ọmọ kan ni mo wá béèrè. Adúmáadán. Ó gba abẹ́rẹ́ kan lọ́jọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1962, kò sì padà wá mọ́. Kí ló dé?”

“Adúmáadán wo?”

“Ti ilé yín.”

“Kò sí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa.”

“Ó wà nínú ìwé.”

“Ẹ̀yin lẹ ni ìwé, èmi ni mo nilé. Ta ló bí i? Ẹ ka orúkọ ìyá rẹ̀ sí mi létí.”

Ìwé kò ní orúkọ ìyá. Àjíṣafẹ́ sún sí orúkọ kejì. “Agúnléjìká ńkọ́? Ilé Ràímì. Abẹ́rẹ́ kan, kò padà wá.”

“Agúnléjìká!” obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. “Safurat, o bí ọmọ oníjìká o kò sọ fún wa.”

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,” Àjíṣafẹ́ wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan nu ojú. Safurat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” Àjíṣafẹ́ wí. “Orúkọ mẹ́ta, kò sí ọmọ kan. Irọ́ ni wọ́n, ẹ fi gba oògùn ìjọba. Ohun tí mo wá mọ̀ nìyẹn.” Ó yọ pẹ́ńsù, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Safurat dìde lórí ìdì aṣọ. Ó ga ju Àjíṣafẹ́ lọ. “Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ kọ ọ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ kọ ọ́ pé ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń san owó ìsọ̀ nínú ọjà yìí, Faransé gbà á, ẹ̀yin náà ń gbà á. Ẹ wá kọ ọ́ pé olè ni mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ olè, ẹ kọ orúkọ ẹni tí mo jà lólè.”

“Ìjọba ni.”

“Ìjọba ló ní egbò lẹ́sẹ̀?”

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin kan dé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tó fi ìdérí bò. Ràṣídátù ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ Safurat ni. Oúnjẹ ọ̀sán ló gbé wá fún ìyálé rẹ̀. Ó ti gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe ń bọ̀. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni mo gbé wọn lọ.”

“O gbé ta lọ?”

“Adúmáadán. Àti àwọn yòókù. Nígbà tí egbò mú wọn, tí ẹ lọ sí Ekpè lọ kó ọjà.”

Àjíṣafẹ́ yí sí i. “Ta ni Adúmáadán?”

“Ọkọ mi kékeré ni.”

“Orúkọ rẹ̀ ni mo bi ọ́.”

Ràṣídátù wolẹ̀. “Mo bá wọn nílé ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀.”

“Ẹ fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀,” Safurat wí. “Ṣé ẹ fẹ́ kó la ẹnu pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni? Wọ́n ti bí ọmọ yẹn kí ó tó wọlé ọkọ. Ará ibo tiẹ̀ ni yín?”

“Kétu.”

“Kétu.” Safurat yí sí àwọn tó wà ní ìsọ̀ ìtòsí kí wọ́n lè gbọ́ ọ. “Ọmọ Kétu ni. Ìyàwó yín ńkọ́, akọ̀wé? Ṣé orúkọ tí bàbá yín sọ àwọn àbúrò yín ló fi ń pè wọ́n?”

Àjíṣafẹ́ wo orúkọ ẹ̀yìn àpòòwé rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyàwó rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni ìyàwó rẹ̀ ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìbàdíàrán ló ń pe èyí tó tẹ̀ lé e. Kò gbọ́ orúkọ wọn gan-an lẹ́nu rẹ̀ rí, kò sì rò ó rí pé ó yẹ kí òun gbọ́ ọ. Báyìí ni ìyàwó ilé ṣe ń ṣe.

“Mùílíù ló ń pè ní Adúmáadán,” Safurat wí. “Ọmọ mi. Ó dúdú, ó sì ń dán. Abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ràṣídátù ló gbé e lọ gba ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo gbé e lọ gba méjì tó kù nígbà tí mo ti Ekpè dé.”

Àjíṣafẹ́ fa àpòòwé kejì yọ. Mùílíù, ilé Ràímì: ìkejì lọ́jọ́ keje oṣù karùn-ún, ìkẹta lọ́jọ́ kẹwàá. Kò ní àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gba ìpín ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sí.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún akọ̀wé ibẹ̀?” ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

“Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo dé ojú fèrèsé, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ti gba ọ̀kan. Ó ní, ‘Orúkọ?’ Mo ní Mùílíù, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́. Ó ní, ‘Ilé?’ Mo ní ilé Ràímì. Ó ní, ‘Tẹ̀síwájú.’ Kò gbé orí sókè. Irun rẹ̀ tó là lágbede méjì ni mo rí. Nọ́ọ̀sì inú ló gbọ́ mi, tó kọ ọ́ pé ìkejì ni.” Ó mú ẹ̀wù kan nínú ìdì, ó wò ó sójú oòrùn, ó jù ú sápá òsì. “Ṣé ẹ mọ ọkùnrin náà?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ bá mi sọ fún un pé ará oko ni.”

“Ó ti gbọ́.”

Fìlà wà lórí Àjíṣafẹ́. Kò ṣí i.

“Àwọn ọmọ wa ńkọ́ tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù?” Safurat tún béèrè.

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀. Àmọ́ ẹ mọ ìwé.”

Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé kejì, àti ìkẹta. Kò jókòó níbì kankan, kò gba omi mu, kò sì sí ẹni tó tún fi lọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ibi tó ti wá. Ní ilé Wàhábì, bàbá àgbàlagbà kan ní kí ó máa ka orúkọ láti ẹ̀yìn ògiri, kò fẹ́ rí ojú rẹ̀. Nínú ogún orúkọ, mẹ́tàdínlógún jẹ́ orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń pe ọmọ ọkọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tàdínlógún náà.

Ọ̀dọ̀ Àjíṣafẹ́ ni àṣìṣe náà wà. Òun ló jókòó sí fèrèsé ilé ìwòsàn yẹn fún ọdún mẹ́ta náà kí wọ́n tó gbé e wá sí búrò. Òun ló ṣòfin pé ìbéèrè méjì péré ni akọ̀wé gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìlà gùn, àwọn obìnrin sì ń fi ọ̀rọ̀ pa àkókò. Ọ̀gá ìgbà náà yìn ín fún un. Bó bá jẹ́ Fọ̀n ni wọ́n fi síbẹ̀, orúkọ bíi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ìbá yà á lẹ́nu, ìbá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àjíṣafẹ́ gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò béèrè nǹkan kan. Ó gba ìṣẹ́jú kan là lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú yẹn ló sọ ọmọ kan di méjì nínú ìwé.

Ó padà sí búrò, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí aago mẹ́fà fi lù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà kò tíì lù tó fi wà nídìí tábìlì. Ó ya ìwé sí apá méjì. Ó kọ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sápá kan, ó kọ àwọn tí kò ní àkọ́kọ́ sápá kejì, ó tò wọ́n ní ilé-ilé, ó sì wo ọjọ́. Ilé Sàní: Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì oṣù; Bámidélé, ìkejì, ọjọ́ karùn-ún. Ó fa ìlà so wọ́n. Ilé Wàhábì: Agúnléjìká àti Adéoyè. Ó fa ìlà. Ibi tí ọjọ́ kò bá ti bára mu pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta, kò fa ìlà, bó ti wù kó wù ú tó. Nígbà tó parí, márùndínlọ́gbọ̀n péré ni kò rí ìkejì wọn nínú gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá náà.

Ó fa orí kẹta ya. Ojú ewé mọ́kànlélógún ni, ó sì ti fi oṣù márùn-ún kọ ọ́. Ó to ẹ̀yìn wọn jọ láti máa fi ṣe ìṣirò, nítorí òfìfo ni ẹ̀yìn wọn. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kọ òmíràn ní ojú ewé mẹ́sàn-án. Ó kọ ọ́ pé oògùn kò ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí. Ó kọ ọ́ pé ìjọba tó bá ń pín oògùn gẹ́gẹ́ bí iye orúkọ, ní ibi tí ọmọ kan ti ń jẹ́ orúkọ mẹ́rin lẹ́nu ìyàwó mẹ́rin, á máa pín in fún ẹni tí kò sí. Ilé ni kó fi pín in, kó sì máa ka abẹ́rẹ́ tó wọ ara ọmọ. Kò fi ọ̀rọ̀ ẹwà kan sí i. Kò tíì lọ jẹun nígbà tí aago méjì ààbọ̀ lù.

Adélékan ló kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìsinmi. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó rẹ́rìn-ín sí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn. Ẹ ò tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́?”

“Ó kù díẹ̀, Ọ̀gá.”

“Ẹ jẹ́ n rí i.” Ó mú ojú ewé mẹ́sàn-án náà lórí tábìlì láì dúró de ìdáhùn, ó ń kà á lórí ìdúró. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ ní ojú ewé kejì. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó jókòó.

“Kí lèyí?”

“Orí kẹta.”

“Orí kẹta tí mo kà lọ́jọ́ Ajé kọ́ nìyí.”

“Èyí tí ẹ kà lọ́jọ́ Ajé kò tọ́.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kó iye rẹ̀ fún mi. Mo gbé e lọ síwájú mínísítà, mo fi ẹnu mi sọ ọ́. Ẹ wá ń sọ fún mi pé kò tọ́, torí pé ìyàwó kan kò fẹ́ pe ọmọ kan lórúkọ?”

“Ìyàwó kan kọ́. Gbogbo wọn ni.”

“Àṣà àwọn ará abúlé. Ṣé ẹ rò pé ẹni tó ń kàwé ní Paris á ka èyí kó má rẹ́rìn-ín?”

“Kó rẹ́rìn-ín, kó sì ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀.”

Adélékan ju ìwé náà sórí tábìlì. “Ẹ mú táábù tí mo fi òǹtẹ̀ lù padà wá.”

“Wọ́n ti wà nínú àpòòwé. Iye kan kò yí padà nínú wọn. Iye tí ẹ fi òǹtẹ̀ lù náà ni.”

“Mo ní kí ẹ mú wọn wá.”

“Rárá.”

Adélékan dìde. Àtìgbà tó ti dé búrò, ó ti ń fún Àjíṣafẹ́ ní ẹ̀yin tó tọ́ sí àgbà, kódà nígbà tó bá ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbé e jù sílẹ̀ báyìí.

“Gbọ́, ìwọ Àjíṣafẹ́. Ta ló kọ àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn? Ọwọ́ ta ló wà nínú wọn? Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n? Bí o bá fi èyí ránṣẹ́, èmi náà á kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ lọ́la. Màá sọ fún wọn pé ẹni tó ń bú ìwé ni ó ba ìwé jẹ́. Wọn ò ní í fún ọ ní oyè, wọn ò tiẹ̀ ní í fún ọ ní èsì. Ọdún mẹ́rin rẹ, pàá.”

“Ẹ wo ojú ewé kìíní ìwé náà, kì í ṣe ti orí kẹta,” Àjíṣafẹ́ wí.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ẹ wò ó.”

Adélékan mú un lórí tábìlì. Ìlà mẹ́rin ni, lábẹ́ orúkọ ìwé náà gan-an, níbi tí àwọn mìíràn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wọn sí. “Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni mo kọ àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí mo yẹ̀ wò nínú rẹ̀. Òfin ìbéèrè méjì tó ba orúkọ inú wọn jẹ́, èmi ni mo ṣe é. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru àwọn ìyá àwọn ọmọ. Mo ti gbé e kúrò lórí wọn.”

Adélékan kà á tán, ó tún un kà. Fáànù orí àjà ń yí, ó ń gbé etí ìwé.

“O ti ya wèrè,” ó wí.

“Ẹ̀dà kan wà lábẹ́ ìdì ìwé tó wà lórí tábìlì yín. Ìròyìn yín kò tíì di òfin títí ọjọ́ kìíní oṣù. Bí ẹ bá fẹ́ fi èyí ṣọwọ́ síbi tí ìròyìn yín lọ, ó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́, ó wà níbẹ̀ náà.”

“Kí n lọ sọ fún mínísítà pé mi ò mọ nǹkan tí mo ń sọ?”

“Ó dùn mí nígbà tí mo sọ ọ́. Kò pa mí.”

Adélékan fa àpótí tábìlì, ó mú ìwé funfun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó ń kọ ọ́ kíákíá, ó ń tẹ gègé mọ́lẹ̀. “O fẹ́ràn fèrèsé. Ilé ìwòsàn Ekpè kò ní akọ̀wé. Láti ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ ni wàá máa jókòó, wàá máa kọ orúkọ ọmọ títí wàá fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Kí o bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́wàá-mẹ́wàá bó bá wù ọ́.”

“Ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú,” Àjíṣafẹ́ wí.

“Kí ni?”

“Wọn ò ní í gbà mí ní Ekpè láì sí òǹtẹ̀. Màá lọ, màá tún padà wá gbà á. Ẹ má jẹ́ ká fi ọjọ́ ṣòfò.”

Adélékan wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà bó ti lágbára mọ, ó sì tì í sí i. Àjíṣafẹ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò àyà. Lẹ́yìn náà ló gba ojú ewé kìíní lọ́wọ́ Adélékan, ó kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti orí kẹta lórí tábìlì, ó tò wọ́n sí àyè wọn, ó ka gbogbo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó lè dá a lójú pé kò sí èyí tó fò. Adélékan dúró tì í ní gbogbo àkókò yẹn. Bóyá ó ń rò ó pé kí òun já a gbà. Àwọn akọ̀wé yòókù ti ń dé, wọ́n ń kí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì já a gbà.

Àjíṣafẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé, ó gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan lé e kó lè mú dáadáa. Bó ti ń dúró kó gbẹ, ó mú rúlà, ó ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ òfìfo kan tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ekpè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ibi tí ìlà méjì máa ń wà, ó fa mẹ́rin: orúkọ tí wọ́n pè, ẹni tó gbé ọmọ wá, orúkọ tí ìyá ọmọ ń pè é, ilé. Ó fa ti ojú ewé kejì. Nígbà tó dé ìkẹfà, gọ́ọ̀mù ti gbẹ.

Ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé sórí tábìlì Adélékan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí. Ó fi àpòòwé sábẹ́ apá kan, ìwé Ekpè sábẹ́ apá kejì, ó sì jáde. Ẹnì kankan kò kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìlà gùn. Akọ̀wé tó wà ní fèrèsé kò gbójú sókè.

“Orúkọ?”

“Àjíṣafẹ́.”

“Ibo ló ń lọ?”

“Faransé. Kó bá ọkọ̀ òfurufú alẹ́ òní.”

Akọ̀wé náà wọ̀n ọ́n, ó gba owó, ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ju àpòòwé náà sínú àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ìwé ẹ̀rí kékeré jáde lábẹ́ irin.

“Tẹ̀síwájú.”

Àjíṣafẹ́ mú ìwé ẹ̀rí náà, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ bóyá ó tọ́. Ó tọ́. Ó yà kúrò níwájú fèrèsé kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè bọ́ síbẹ̀, ó gbá ìwé Ekpè mọ́ra, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ Ekpè lọ, níhà ìlà oòrùn.